Wàrà sóyà mi: bí kò bá jò, kò ṣeé ṣí, bó bá ṣeé ṣí, ó ń jò. Ẹ gbà mí o

AláwàràSóyà (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀) · Mọ́ńdé, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wàrà sóyà àti sóbò ni mò ń ṣe níbí ní Abẹ́òkúta, ọdún kẹta rèé. Tẹ́lẹ̀, inú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń so ní kókó ni mò ń tà á sí. Nígbà tí àwọn onísọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń lẹ ẹnu ọ̀rá, èyí tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ̀, tó ní ibi tí a ti ń yí iná láti 1 dé 8. Ọ̀rá tí mo ń lò nípọn díẹ̀, ó ń dán, ó dà bí ọ̀rá tí wọ́n ń ta tòmátò sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì àti ìdí rẹ̀ ti lẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ mi, ẹnu nìkan ni èmi ń lẹ̀. 30cl ló ń gbà.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ó ń jò. Mo yí iná sókè dé 7, jíjò dáwọ́ dúró. Mo ní mo ti ṣẹ́gun. Àfi ìgbà tí ìyá mi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kan, tí mo gbé ọ̀kan tó tutù fún wọn. Wọ́n fà á lókè, wọ́n fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yí i po, wọ́n fi eyín sí i (ẹni ọdún 71, eyín iwájú méjì ti lọ). Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ sí ilé ìdáná, wọ́n mú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ wọlé lójijì, ọwọ́ kejì sì ti fún ọ̀rá náà mọ́wọ́ pinpin, ni wàrà bá tú yàà sára léèsì. Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ṣé ẹni tó máa mu ún lo ṣe é fún, àbí olè lo tì í mọ́?"

Ojú tì mí. Mo yí iná wálẹ̀ sí 4. Ó wá ń ṣí wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ṣí ìwé. Lọ́jọ́ kejì, mo kó páálí kan, ọ̀rá 20, lọ fún ìyá onísọ́ọ̀bù kan. Mẹ́ta jò nínú rẹ̀, wọ́n ba ìyókù jẹ́, èèrà bo gbogbo páálí. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà fún mi.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn? Kó má jò, kó má ṣeé ṣí. Kó ṣeé ṣí, kó máa jò?

ÌyáOlómiTútù · 7:40 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ti èèrà yẹn dùn mí o.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta omi tútù ní gáréèjì n'Íbàdàn, ẹnì kan ò bi mí rí pé "ìyá, níbo ni wọ́n ti ń ṣí píọ̀ wọ́tà?" Igun kan ni wọn ó fi eyín gé, wọn ó tu èyí tí wọ́n gé sílẹ̀ (iwájú ìsọ̀ mi ni o, èmi ni mo máa gbá a), wọn ó sì fa omi mu. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tó so rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ọwọ́ kan di irin mú, ọwọ́ kejì di owó èrò, eyín náà ló fi ń ṣí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi ni omi. Bó bá dà sáṣọ, á gbẹ. Sóbò tó bá kan aṣọ funfun, ó di ti ayérayé. Ohun kejì, ọ̀rá tó ti wà nínú kúlà látàárọ̀, tí ọwọ́ mẹ́wàá ti yẹ̀ wò, ni wọ́n ń fi sẹ́nu yẹn. Bí o bá rí ọ̀nà tí wọn ò fi ní máa lo eyín, wá sọ fún èmi náà.

Bàbá_Ẹ̀rọ · 8:25 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi.

AláwàràSóyà, ọ̀rọ̀ méjì lo dì sínú ẹrù kan, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé kò ní ojútùú. Jíjò wà lọ́tọ̀, àìṣeéṣí wà lọ́tọ̀. Mo ti ń tún ẹ̀rọ omi inú ọ̀rá ṣe láti 2004, láti Mushin títí dé Ṣágámù, kò sì sí ilé omi tí mo dé tí wọn ò kọ́kọ́ yí iná sókè bí ọ̀rá bá ń jò. Iná ni gbogbo èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Jẹ́ kí n bi ọ́: nígbà tí o bá rọ wàrà sínú ọ̀rá tán, ṣé ẹnu ọ̀rá náà gbẹ? Bí wàrà díẹ̀ bá ta sí ibi tí irin ẹ̀rọ máa tẹ̀, omi inú rẹ̀ á hó láàárín ọ̀rá méjèèjì, á gba ibẹ̀ jáde, á sì fi ihò tó tín-ín-rín bí irun sílẹ̀. Ojú rẹ ò ní rí ihò yẹn. Wàrà á rí i, èèrà á rí i.

Bí o ṣe gbé iná dé 7, o kàn fi agbára sun wàrà tó wà níbẹ̀ ni. Ó mú, kò sọ pé kò mú, ṣùgbọ́n o ti jẹ́ kí ọ̀rá gbẹ gan-an létí ibẹ̀, bí o bá wò ó dáadáa wàá rí i pé ó ti ká jọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rá yẹn fún un yín. Kì í ṣe ọ̀rá kan. Ó kéré tán, méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Èyí tó ń dán lóde ni pọ́lísítà, kì í yọ́ àfi bó bá gbóná tó nǹkan bíi 250°C. Èyí tó wà nínú ni pọ́lítín, tó ti ń yọ́ láti bíi 110°C. Ìdí nìyẹn tí irin ẹ̀rọ fi lè tẹ̀ ẹ́ tí òde ò fi lẹ̀ mọ́ irin, tí inú sì ń yọ́ mọ́ ara wọn. Ooru, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti ìwọ̀n àkókò tó fi wà níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ẹ̀yin ọmọdé kì í ní sùúrù fún: bí iná bá kú tán, má tíì gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sókè. Jẹ́ kó tutù lábẹ́ rẹ̀. Pọ́lítín tó ṣì rọ̀, tí ìwúwo wàrà ń fà nísàlẹ̀, á yà díẹ̀díẹ̀ kó tó le.

Ó wá kan ṣíṣí. Má fi ojú ìlẹ̀ ṣe ibi ìṣí láéláé. Jẹ́ kó lágbára bó ṣe fẹ́. Ibi tí ọ̀rá yóò ti ya ni kí o wá fún un. O ò sá wà l'Abẹ́òkúta? Lọ sí Ìtòkú, kí o wo bí àwọn aláṣọ ṣe ń gé aṣọ. Wọn kì í fi síṣọ́ọ̀sì gé e dé òpin. Wọn á gé etí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka, wọn á fọwọ́ méjèèjì mú un, fàà! Aṣọ tí ọkùnrin mẹ́ta ò lè fà ya, ìgé kékeré yẹn ti bá wọn ṣe é. Etí ọ̀rá bisikíìtì tó rí wájawàja bí eyín ayùn, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

AláwàràSóyà · 9:02 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ò ríran bí? Kọ́ọ̀bù ni mo fi ń rọ ọ́, ẹnu ọ̀rá sì máa ń tutù rinrin. Mo ti rò pé iná á gbẹ ẹ́.

Bàbá_Ẹ̀rọ · 9:06 àárọ̀

Lo àrọ tí ẹnu rẹ̀ gùn, kí ó wọnú ọ̀rá kọjá ibi tí o máa lẹ̀. Má yọ ọ́ títí yóò fi ro tán. Má kún un jù pẹ̀lú, fi ìka méjì sílẹ̀ lókè.

Nọ́ọ̀sì_Àgbàlagbà · 12:48 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn àgbà ni mò ń tọ́jú, ilé ni mo máa ń lọ bá wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìyá yín wọ̀ mí lára.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ò mọ̀ ni pé kì í ṣe agbára nìkan ló ń dín kù. Fífi orí àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka fún nǹkan pọ̀, bí ẹni fún èékánná, ni ó kọ́kọ́ ń lọ, pàápàá ẹni tí oríkèé ọwọ́ ń dùn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí mò ń lọ bá, wọ́n ṣì lè fi ọwọ́ gbogbo gbé korobá omi. Ṣùgbọ́n ìdérí yọ́gọ́ọ̀tì, etí kékeré tó yẹ kí èèyàn fi ìka méjì mú yẹn, wọn ò rí i mú. Ó ń yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, torí ó ti tutù, ó sì ti làágùn. Fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń gún un.

Nítorí náà bí ẹ bá máa fi ibi ìfàya sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi ìdìmú sílẹ̀ lókè rẹ̀. Kó fẹ̀ tó kí èèyàn fi odindi ìka méjì àti àtàǹpàkò mú un, kì í ṣe orí èékánná. Ẹ fi ọwọ́ tútù àti ọ̀rá tó ti inú kúlà jáde dán an wò. Gbogbo ọ̀rá ló ń ṣí dáadáa lórí tábìlì ẹni tó ṣe é.

Mo máa ń rí ẹ̀kejì rẹ̀ nínú ìgò jáàmù àti ti ọbẹ̀ onígíláàsì. Ooru ni wọ́n fi dé e, nígbà tó tutù, inú rẹ̀ fa ìdérí mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà á máa bá a jìjàkadì. Ẹ kàn fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ abẹ́ ìdérí sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ óò gbọ́ "tọ́ọ̀", ọmọdé á ṣí i.

Ìjàpá_Wẹ́rẹ́ · 1:15 ọ̀sán

Ẹ̀yin ènìyàn yìí ti gbàgbé ìyà tó jẹ wá. Ta ló rántí agolo mílíìkì? Ìṣó kan, òkúta kan. Ihò kan lápá ọ̀tún, ihò kan lápá òsì. Ẹni tó bá lu ihò kan ṣoṣo, á máa gbọn agolo bí ẹni gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi ẹnu fa tirẹ̀ mu kó tó gbé e wá síbi tíì, á wá sọ pé ilé-iṣẹ́ ni ò kún un.

ỌmọÈkó_Peckham · 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ìjàpá, o pa mí lẹ́rìn-ín. Ihò kejì yẹn ni ti afẹ́fẹ́, láìsí i mílíìkì ò ní ráyè jáde.

Ìtàn tó bá ti agolo rẹ mu rèé. Ní 1959, ọkùnrin ará Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio kan, Ermal Fraze, bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ ṣe fàájì níta, ó gbé bíà alágolo dání, ó gbàgbé ohun tí wọ́n fi ń lu ú. Ìdí mọ́tò, ibi bọ́ńpà, ló fi là á. Ẹlẹ́rọ ni, kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Òrùka tí a ń fà lórí agolo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, wọ́n sì ti ń tà á lórí bíà Iron City ní Pittsburgh ní 1962. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: kò lu ihò sí ìdérí kó tó kan òrùka mọ́ ọn, torí ihò á jò. Irin ìdérí fúnra rẹ̀ ló tì sókè bí orí ọmú, ó gbé òrùka lé e, ó sì tẹ orí ọmú yẹn pẹrẹsẹ mọ́ ọn. Wọ́n wá fá ìlà yípo ẹnu ibi tó máa ṣí, wọ́n fá a dé nǹkan bí ìdajì ìnípọn irin. Kò jò, síbẹ̀ ó mọ ibi tí yóò ti ya. Ohun tí Bàbá_Ẹ̀rọ ń wí náà ni.

Òrùka àkọ́kọ́ yẹn máa ń já kúrò pátápátá. Wọ́n ń jù ú sílẹ̀, ó ń gé àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ létí òkun, àwọn mìíràn ń jù ú sínú agolo, wọ́n sì ń gbé e mì. Ọdún 1975 ni Daniel Cudzik, tó ń ṣiṣẹ́ ní Reynolds Metals, ṣe èyí tí kì í já, tó ń ti ẹnu agolo wọ inú. Òun la ń lò títí dòní.

Bàbá_Ẹ̀rọ · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Orí ọmú. Mo ti ṣí agolo bíi ẹgbẹ̀rún, mi ò tẹjú mọ́ ọn rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mú ọ̀kan wò ni. Òótọ́ ni, kò sí ìṣó níbẹ̀.

AláwàràSóyà · Túsìdeè, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Àbọ̀ rèé. Ti àrọ ti ṣiṣẹ́. Mo dá iná padà sí 5, mo ka ení, èjì lẹ́yìn tí iná kú kí n tó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ. Mo tẹ́ tíṣù sínú páálí, mo to ọ̀rá 20 lé e, mo gbé pákó lé e lórí, mo gbé àpò ìrẹsì kékeré lé pákó, ó sun ibẹ̀ mọ́jú. Tíṣù gbẹ fúrúfúrú.

Ibi ìfàya ló kọ̀ fún mi. N ò fẹ́ máa fi síṣọ́ọ̀sì gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá mú ohun tí wọ́n fi ń lu ihò sí ìwé ní ọ́fíìsì, mo fi lu ìdajì ihò sí etí ọ̀rá, ó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ó wù mí lójú. Ìyá mi fà á, fà á, ó kàn ń nà ni. Wọ́n ní ṣé ọ̀rá ni àbí ṣíńgọ́ọ̀mù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Oúnjẹ · 7:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìdajì ihò yẹn ló ṣe yín. Ó rí roboto. Bí ẹ bá fa nǹkan tó ní ìgé ẹlẹ́nu ṣóńṣó, gbogbo agbára ọwọ́ yín á lọ kó jọ sí orí ṣóńṣó yẹn, ibẹ̀ ni yóò ti ya. Bó bá rí roboto, agbára náà á pín káàkiri etí rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ irin tiẹ̀ máa ń lu ihò roboto sí orí ibi tí irin ti ń sán kí ó má baà sán síwájú mọ́. Ohun tí ẹ fẹ́ kó ya, ẹ ti lọ fi oògùn àìya sí i.

Èkejì, ẹ wo irú ọ̀rá. Ti píọ̀ wọ́tà jẹ́ pọ́lítín nìkan, ó máa ń nà kó tó ya, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé eyín tó lù ú já ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Tiyín tó ní pọ́lísítà lóde kì í nà tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó ya bí bébà bí ìgé náà bá mú.

Ọ̀nà mìíràn wà o, èyí tí a kọ́ ní kíláàsì. Àwọn tó ń ṣe ìdérí yọ́gọ́ọ̀tì àti ọ̀rá wàràkàṣì máa ń po èròjà mìíràn, bíi polybutene, díẹ̀ mọ́ pọ́lítín inú, kí ojú méjèèjì lẹ̀ mọ́ra láìyọ́ di ọ̀kan. Ẹ óò lè bó o bí ẹni bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kì í jò, kì í sì í le. Ìyẹn ló dára jù lójú tèmi.

Bàbá_Ẹ̀rọ · 7:41 alẹ́

Òótọ́ ni, ọmọ mi, mo mọ ọ̀rá yẹn. Ṣùgbọ́n ta ló máa ta róòlù kan ṣoṣo fún un? Àwọn tó ń ṣe é, tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń kà, kì í ṣe kílò. Ẹni tó ń ṣe páálí mẹ́wàá lọ́jọ́ ò tíì débẹ̀. Ó tún fẹ́ kí ooru ẹ̀rọ dúró síbi kan gbọn-in. Bó bá fi díẹ̀ gbóná jù, á lẹ̀ pátápátá, bó bá sì fi díẹ̀ rẹlẹ̀, á ṣí nínú páálí. Pẹ̀lú iná NEPA wa yìí tó ń lọ sókè sódò?

Akẹ́kọ̀ọ́_Oúnjẹ · 7:44 alẹ́

Ẹ jàre, bàbá. Wọn ò kọ́ wa ní ti NEPA.

Bàbá_Ẹ̀rọ · 7:58 alẹ́

AláwàràSóyà, síṣọ́ọ̀sì ni. Ojú ìlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tìrẹ á fẹ̀ tó mílímítà 8 tàbí 10. Mílímítà 3 péré ni kí o gé wọ inú rẹ̀, ìgé kan tó tọ́ gbọnrangandan. Bí o bá gé kọjá ojú ìlẹ̀, o ti lu wàrà nìyẹn. Ti ìsọ̀kalẹ̀ láti òkè, gbọ́ ti Nọ́ọ̀sì: fi ìka méjì sílẹ̀ lókè fún ìdìmú. Kí o tó ṣe é sí ọ̀rá tó ní nǹkan nínú, mú ọ̀rá òfìfo kan, fà á ya lọ́nà ìbú, kí o fà á ya lọ́nà òòró. Ọ̀rá ní ibi tó fẹ́ ya sí, bí igi ìdáná ṣe ní ibi tó fẹ́ là sí, torí wọ́n ti nà án síbì kan nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Bí o bá fẹ́ yá ọwọ́, so abẹ rẹ́sà kan mọ́ igi, kí o fi ìdábùú sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó wọlé ju mílímítà 3 lọ. To ọ̀rá mẹ́wàá òfìfo jọ, gé wọn lẹ́ẹ̀kan. Kí o tó rọ nǹkan sí i ni o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

ÌyáOlómiTútù · 8:30 alẹ́

Sóbò ńkọ́? Inú ìgò oníke ni àwọn tèmi ń gbé tiwọn wá, ìdérí rẹ̀ máa ń le bí ojú ẹni tó jẹ gbèsè. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, mo yí i díẹ̀ báyìí, ó fò lọ bá òrùlé.

ỌmọÈkó_Peckham · 9:10 alẹ́

Èyí tó fò yẹn ti kan nìyẹn, ìyá wa. Sóbò tí kò tutù tó, ṣúgà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹmu, afẹ́fẹ́ á kún inú ìgò. Ẹ mú ìgò mínírà òfìfo kan, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ìlà tó yí i ká, tí ìdérí ń gùn, kò lọ taara. Wọ́n gé e ní àgékù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kó ti sú jáde kí ìdérí tó bọ́, ìyẹn ni "ṣíì" tí ẹ máa ń gbọ́. Bí ẹ bá gbọ́ "ṣíì" lára sóbò tí wọn ò fi afẹ́fẹ́ sí, ẹ má mu ún.

Ti ìdérí tó le, òrùka kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ já kí èèyàn lè mọ̀ pé ẹnì kan ò tíì ṣí i rí. Ìgò tí wọ́n tún lò, tí òrùka rẹ̀ ti já, á ṣí wẹ́rẹ́, àmọ́ ẹ ò mọ ẹni tó ti ṣí i ṣáájú yín.

Níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti so ìdérí mọ́ ọrùn ìgò báyìí, kì í bọ́ mọ́. Òfin àwọn ará Yúróòpù ni, láti July 3, 2024, fún gbogbo ìgò ohun mímu oníke tí kò ju lítà 3 lọ, kí ìdérí má baà di ìdọ̀tí kiri. Ìlú Ọba ti kúrò láàárín wọn, ṣùgbọ́n ìgò kan náà ni wọ́n ń tà fún wa. Bí mo bá ń mu omi, ìdérí ń gún mi nímú. Mo gbà pé ó dára fún etí òkun. Imú mi ò tíì gbà.

Nọ́ọ̀sì_Àgbàlagbà · Wẹ́sìdeè, 6:15 àárọ̀

Ìbéèrè kan: ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, báwo ló ṣe máa rí ìgé mílímítà 3?

Akẹ́kọ̀ọ́_Oúnjẹ · 6:40 àárọ̀

Ní Japan, àpótí mílíìkì onípáálí ní ìgé kékeré kan lókè rẹ̀, bí ìdajì òṣùpá, tí afọ́jú lè fi ọwọ́ kàn láti mọ̀ pé mílíìkì gidi ni, kì í ṣe júùsì. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ibi ìṣí ni wọ́n fi í sí, ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án ti mọ̀ pé òdìkejì ni kí òun ṣí. Ìlànà àgbáyé kan tiẹ̀ wà, ISO 17480, tó jáde ní 2015, lórí kí nǹkan tí a dì ṣeé ṣí fún gbogbo èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Bó ti wù kó di ọ̀rá mú, á bá ìgé pàdé, ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì pẹ̀lú.

AláwàràSóyà · Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú o. Mo ṣe abẹ rẹ́sà orí igi bí Bàbá ṣe wí. Ọ̀rá òfìfo tí mo kọ́kọ́ dán wò ya lọ́nà ìbú dáadáa, lọ́nà òòró ni kò fẹ́, nítorí náà orí mi bá mi ṣe é. Mo gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo fi ìka méjì sílẹ̀ lókè.

Mo gbé mẹ́ta láti inú yìnyín fún ìyá mi, mi ò sọ nǹkan kan. Èyí àkọ́kọ́, ikùn ọ̀rá ni wọ́n dì mú, ó ya, ó sì tún tú díẹ̀ sí wọn lọ́wọ́. Èkejì, wọ́n fúnra wọn gbé ọwọ́ lọ sókè, fàà, ó ya títí dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀kán kan ò bọ́. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n ní kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀, mo ti ń fi ṣúgà ṣe ahun. Ẹ̀kẹta, wọ́n gbé e lọ fún ìyá Súlè, aládùúgbò wa, láti lọ fi bí wọ́n ṣe ń ṣí i hàn án.

Ohun tó kù: ìyá Súlè ò rí ìgé náà títí ìyá mi fi fi ìka tọ́ ọ sí i. Mo fi bírò pupa fa ìlà síbẹ̀, ó parẹ́ nínú yìnyín.

ÌyáOlómiTútù · 8:19 alẹ́

Má kọ "fà á níbí" sí i o, ẹnì kan ò ní kà á. Ìlà pupa tó nípọn ni kí o tẹ̀ sórí ọ̀rá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú á bá ọ ṣe é. Béèrè iye tó kéré jù tí wọ́n lè gbà, kí o tó sọ iye tí o fẹ́.

Fi páálí méjì ránṣẹ́ sí mi. Sóyà ni o, mi ò fẹ́ sóbò.

AláwàràSóyà · 8:22 alẹ́

Á dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyá wa. Tíṣù á wà nísàlẹ̀ páálí, ẹ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ tó sanwó.